Ẹ̀rọ Tó Ń Wo Inú Ìyẹ́

Àbúrò mi ọkùnrin kò pè mí láti wá kọ ìròyìn. Ó ní kí n wá jókòó ti òun.

"Àǹtí mi, ẹ wá bá wa jókòó ní ṣọ́ọ̀bù," ó wí lórí fóònù. "Ẹ kàn máa bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Nǹkan kan ń ba iṣẹ́ mi jẹ́, mi ò sì rídìí ẹ̀."

Ọmọ tó ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti kékeré pé ẹnu mi kì í sinmi, òun ló wá ń bẹ̀ mí kí n wá la ẹnu. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Mo wọ ọkọ̀ Malete ní Post Office, ní Ìlọrin, mo sì bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, níwájú ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó àgbàdo sí tẹ́lẹ̀.

Inú ilé yìí ni òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe ìyẹ́ ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò ní awakọ̀, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní dírónù. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ya fídíò ìgbéyàwó o. Èyí ní ìyẹ́ gbọọrọ bíi ti àwòdì. Ìyẹ́ kan ṣoṣo gùn ju ọkùnrin tó nà gbalaja lọ, síbẹ̀ ọwọ́ kan ni mo fi gbé e. Oògùn ni àwọn tó gbé iṣẹ́ náà wá fẹ́ máa fi í gbé lọ sí àwọn abúlé tí ọ̀nà wọn kò dára.

Irin kọ́, igi kọ́. Aṣọ ni wọ́n fi ń ṣe é, aṣọ funfun tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì hun, tó máa ń yún èèyàn lára bíi wèrèpè. Wọ́n á tẹ́ ẹ sínú móòdù, àwo gbọọrọ tó ní ìrísí ìyẹ́, ọ̀kan lórí èkejì, wọ́n á fi ọ̀rá bò ó, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Résìn, oje kẹ́míkà tó máa ń dì bíi gọ́ọ̀mù, á wá máa wọlé díẹ̀díẹ̀ títí aṣọ á fi mu ún tán. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti dì. Nígbà àkọ́kọ́ tí ìyá wa rí i, wọ́n ní, "Ẹ̀kọ lẹ̀ ń dá." Kò jìnnà sí i.

Ihò ló máa ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́. Bí ibì kan bá wà láàárín aṣọ tí résìn kò dé, afẹ́fẹ́ á há síbẹ̀. Ojú kò ní rí i. Ìyẹ́ náà á máa dán lóde bí àwo tuntun, ṣùgbọ́n bó bá dé òkè tí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, ibẹ̀ ló ti máa là. Tẹ́lẹ̀, owó ẹyọ àtijọ́ kan ni àbúrò mi fi ń kan ìyẹ́ kiri, tí á dẹ etí sí i, bí àwọn obìnrin ṣe ń fi ìka kan ìkòkò ní Òkèlélé kí wọ́n tó rà á.

Àwọn tó gbé iṣẹ́ wá ní etí èèyàn kò tó. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá láti Abuja. Irin gígùn kan ni, tó dábùú orí tábìlì. Iná kan àti kámẹ́rà kan so mọ́ ọn, wọ́n sì ń rìn fúnra wọn láti ìdí ìyẹ́ dé ṣóńṣó rẹ̀. Iná náà á mú ojú ìyẹ́ gbóná díẹ̀. Ibi tó bá dì, ooru á wọlé lọ. Ibi tó bá ní ihò, ooru kò ní ríbi gbà, á dúró sójú. Ooru yẹn ni kámẹ́rà ń rí. Kọ̀ǹpútà á wá fi pupa kun gbogbo ibi tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, láìbi ẹnikẹ́ni.

"Àǹtí, kò mojú," ọmọbìnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà sọ fún mi. Kò tíì pẹ́ tó jáde níléèwé gíga tó wà ní Malete. "Èmi ni mò ń tàn án láràárọ̀, èmi ni mò ń pa á. Kò yọ́nú sí mi lẹ́ẹ̀kan rí."

Ìyẹ́ méjì ni ẹ̀rọ náà ti kọ̀. Àwọn tó gbé iṣẹ́ wá sì ti ránṣẹ́ pé ẹ̀ńjíníà àwọn ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Bí kò bá bá ìyẹ́ kan nílẹ̀ tí ẹ̀rọ gbà, wọ́n á tú ẹ̀rọ wọn, wọ́n á gbé iṣẹ́ lọ fún ẹlòmíràn. Àbúrò mi ti fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀ nítorí èyí. Aṣọ tó sì kù nílẹ̀ kò ju èyí tó lè ṣe ìyẹ́ méjì lọ.

Mo fa àga, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó ṣí àwòrán ìyẹ́ kejì fún mi. Àmì pupa kéékèèké fọ́n ká ojú rẹ̀ bí ara ọmọ tí èèyi bò.

"Ẹ wò ó dáadáa," ó ní. "Tó bá jẹ́ pé ọ̀rá ló jò, etí ìyẹ́ ni pupa máa wà, á sì gùn. Èyí wà láàárín, ó sì rí roboto. Ó dà bíi pé ẹnì kan wọ́n nǹkan sí i."

"Bíi kí ni?"

"Bí omi. Ṣùgbọ́n inú ọyẹ́ la wà yìí, Àǹtí. Òjò wo?"

Ẹni tó ń po résìn jókòó lórí kẹ́ẹ̀gì, ó dijú mágbárí. Àgbà ọkùnrin ni, táńkì omi ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ omi ti jáde lẹ́yìn ìyẹ́ àkọ́kọ́ ni àbúrò mi ti so táwẹ́ẹ̀lì kọ́ ẹnu ọ̀nà, tó ní ẹnikẹ́ni tó bá ṣe àlùwàlá gbọ́dọ̀ nu ara rẹ̀ gbẹ kó tó wọlé. Ọkùnrin náà gbà pé òun ni wọ́n ń bá wí.

"Àǹtí oníròyìn, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀," ó ní. "Mo ti ń ṣe táńkì láti ìgbà tí ọ̀gá mi yìí ti ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ síléèwé. Àlùwàlá mi ò ba táńkì kankan jẹ́ rí."

"Bàbá, táńkì kì í fò," ọmọbìnrin náà wí.

"Ì bá máa fò, olè ò ní máa rí i gbé!"

"Ẹ ṣáà ti nu apá yín gbẹ."

"Mo nu ún! Mo nu ún títí awọ fẹ́ẹ̀ bó. Ṣé ẹ̀rọ yín ò tún kọ ìyẹ́ kejì ni?"

Òótọ́ ló sọ. Táwẹ́ẹ̀lì kò yí nǹkan kan padà. Mo wá bi wọ́n pé ta ló ń wọ inú yàrá tí móòdù wà.

"Kò sẹ́nì kankan," àbúrò mi dáhùn. "Àwa nìkan ni."

"Àwa nìkan," ọmọbìnrin náà wí.

"Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà," ẹni tó ń po résìn wí. "Eṣinṣin ò lè wọlé kí n má mọ̀."

Lẹ́nu iṣẹ́ mi, bí ẹlẹ́rìí mẹ́ta bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà láìdúró ronú, mo máa ń tún ìbéèrè náà bi wọ́n. Ṣùgbọ́n n kò tíì la ẹnu tí kẹ̀kẹ́ kan fi dúró níta, tí ohùn ìyá wa sì ṣáájú wọn wọlé.

"Ẹ jáde wá jẹun o! Másà yìí ò gbọdọ̀ tutù!"

Ilé àáfà ni wọ́n ti bí ìyá wa, nínú Ìlọrin àtijọ́, wọ́n sì ti darúgbó díẹ̀ báyìí, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbé kúlà oúnjẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ọmọ àwọn kò ní máa jẹ búrẹ́dì bí ẹni tí kò ní ìyá. Gbogbo wa jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò. Ìyá bu oúnjẹ fún kálukú, wọ́n bá àbúrò mi wí pé ó ti rù, wọ́n bi ọmọbìnrin náà pé ìgbà wo ni yóò mú ọkọ wá, wọ́n sì gbọn èérún kúrò lára ìró wọn.

"Ẹ máa jẹun. Ẹ jẹ́ kí n lọ kí iṣẹ́ yín." Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà wọlé lọ.

Mo wo àwọn ẹlẹ́rìí mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè.

"Ẹ ní kò sẹ́ni tó ń wọlé?"

"Kò sí," ẹni tó ń po résìn wí, másà wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló wá wọlé báyìí?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wò mí. "Ta ló wọlé? Alhájà mà ni."

"Alhájà kì í ṣe èèyàn?"

"Àǹtí, ìyá ni," ó wí, bí ẹni tó ń ṣàlàyé ìlú fún àlejò. "Ṣé ìyá náà ń wọlé ni?"

Mo dìde.

Ìyá wa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ móòdù. Aṣọ ìyẹ́ kẹta ti wà nínú rẹ̀ láti àárọ̀, ó funfun báláú, oúnjẹ ni wọ́n fẹ́ jẹ tán kí wọ́n tó fi ọ̀rá bò ó. Ìgò kékeré kan wà lọ́wọ́ òsì Ìyá, omi tó dúdú díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń da omi náà sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, wọ́n ń fi ìka ta á sórí aṣọ, ètè wọn sì ń mì.

"Ìyá! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Má pariwo jàre. Mo ti fẹ́ẹ̀ parí." Wọ́n ta á lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n wá dé ìgò. "Hàntú ni. Àbúrò mi ló kọ ọ́ fún mi."

Àáfà ni àbúrò wọn tí wọ́n ń wí. Ó máa ń fi tàdáwà kọ àyọkà Àlùkùráánì sára wàláà, á fi omi fọ̀ ọ́, omi tó ṣàn sílẹ̀ náà ni hàntú. Òun la mu dàgbà nílé wa. Hàntú ìdánwò wà, hàntú ibà wà, hàntú ìrìn àjò wà.

"Ṣé gbogbo ìyẹ́ lẹ ti wọ́n ọn sí?"

"Ṣé kí n wọ́n ọn sí ọ̀kan kí n fi èkejì sílẹ̀ ni?"

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé.

"Ọkọ̀ òfurufú tí mo wọ̀ lọ sí Mẹ́kà, gbogbo wa la pe Bísímílà nínú ẹ̀. Awakọ̀ pè é. Ọmọ tó ń pín oúnjẹ pè é. Èyí tí ẹ̀ ń ṣe yìí, ta ló wà nínú ẹ̀? Oògùn ni. Oògùn ò lẹ́nu. Ta ló máa gbàdúrà kó tó gbéra?"

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ìbéèrè jẹun. Ìyẹn dáa ju tèmi lọ.

Mo fà wọ́n lọ́wọ́ lọ síwájú kọ̀ǹpútà, mo sì ní kí ọmọbìnrin náà, tó ti tẹ̀ lé mi wọlé, ṣí àwòrán ìyẹ́ méjèèjì.

"Kí ni pupa yìí?" Ìyá bèèrè.

"Ibi tí omi kán sí ni, Alhájà," ọmọbìnrin náà rọra wí. "Aṣọ ò lè mu résìn níbẹ̀."

Ìyá fi ìka tọ àwòrán náà. Wọ́n wo móòdù, wọ́n tún wo àwòrán. Apá ibi tí wọ́n máa ń dúró sí ni pupa ti pọ̀ jù, ó sì ń dín kù bó ṣe ń jìnnà. Wọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn. Wọ́n jókòó wọ̀ọ̀ lórí àga.

"Ṣé èmi ni mò ń ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́?"

Àbúrò mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, n kò mọ ìgbà tó dé. Ó yí padà, ó jáde. Mo bá a lẹ́yìn ilé, ó ká ọwọ́ lérí.

"Àǹtí mi, mo fẹ́ bínú," ó ní, "mi ò mọ ẹni tí n ó bínú sí. Láràárọ̀ ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

"Tí o bá bínú tán, kí o wọlé wá. Wọ́n ń sunkún."

Kò dúró bínú. Ó wọlé, ó lóṣòó síwájú Ìyá. "Ìyá, omi ni ẹ̀rọ kọ̀. Kò kọ àdúrà yín."

"Ẹ̀rọ wo ló mọ àdúrà?" Ìyá wí, wọ́n ń fi ìborùn nu ojú.

Ìgbà yẹn ni ẹni tó ń po résìn pàtẹ́wọ́ pàá. Ó ti ń fi ojú tẹ̀ lé ìgò náà látìgbà tó ti wọlé.

"Ẹ dúró ná. Alhájà, hàntú ni ẹ ń dà sí aṣọ láti ọjọ́ yìí? Hàntú tí wọ́n ń mu! Ṣé aṣọ ló ń ṣiṣẹ́ ni, àbí àwa?" Ó na ọwọ́. "Ẹ bu tèmi fún mi. Ẹ ti fi táwẹ́ẹ̀lì bó mi lápá, ó kéré tán kí n rí omi mu."

Ìyá rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Wọ́n bu díẹ̀ sínú ìdérí kúlà fún un, wọ́n bu fún àbúrò mi. Ọmọbìnrin náà, tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ, na ọwọ́ tirẹ̀ náà.

"Ìwọ náà?"

"Ẹ bu tèmi, Alhájà. Èmi gan-an ni mò ń jókòó ti ẹ̀rọ."

Ó kàn mí. Oyin wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n tú aṣọ tó ti tutù kúrò nínú móòdù, wọ́n nu móòdù gbẹ, wọ́n sì tẹ́ aṣọ tó kù. Ìyá jókòó síta. Wọn kò tún wo ẹnu ọ̀nà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀ńjíníà náà dé láti Abuja. Ọmọ Èkìtì ni, ó dákẹ́, ó sì ní ìwà. Ó ní kí wọ́n gbé ìyẹ́ sórí tábìlì. Iná àti kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ ìrìn wọn. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà títí ojú ń ta mí. Ó dé àárín, kò sí pupa. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ṣóńṣó, àmì kan tó kéré bí ọkà bàbà yọ. Ọmọbìnrin náà di ọwọ́ mi mú. Ẹ̀rọ náà wọn àmì náà fúnra rẹ̀, ó rí i pé kò tó nǹkan, ó gba ìyẹ́ náà wọlé.

Ẹni tó ń po résìn pariwo "Àlùhámúdúlíláhì!" Àbúrò mi ti fẹ́ dì mọ́ mi kí ẹ̀ńjíníà tó gbé ọwọ́ sókè.

"Ìyẹ́ yìí dáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n mi ò tíì gba iṣẹ́ yín. Kí ló ṣe méjì àkọ́kọ́? Tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ó tún ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀, bóyá lórí èyí tó máa fò."

"Omi ló kán sí aṣọ," àbúrò mi dáhùn.

"Omi láti ibo?"

Àbúrò mi wo ilẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Yóò kúkú jẹ́ kí wọ́n tú ẹ̀rọ wọn ju pé kó na ìka sí ìyá wa lójú àlejò.

"Èmi ni."

Ìyá dúró níta, ẹsẹ̀ wọn kò kọjá ẹnu ọ̀nà. "Èmi ni mo wọ́n ọn. Omi àdúrà ni. Ọmọ mi ò mọ̀ sí i. Bí ẹ bá máa gbé iṣẹ́ lọ, ẹ má sọ níbẹ̀ pé kò mọṣẹ́. Ẹ sọ pé ìyá ẹ̀ ni."

Ẹ̀ńjíníà náà tẹrí ba kí wọn. Kò rẹ́rìn-ín. "Màmá, báwo lẹ ṣe wọ́n ọn?"

"Báyìí." Wọ́n fi ìka ta afẹ́fẹ́.

"Ṣé ẹ lè ṣe é lójú mi, lórí aṣọ kékeré kan? Kí n lè mọ̀ pé òun gan-an ni."

Àbúrò mi wá àgékù aṣọ kan, ó tẹ́ ẹ sórí pákó. Wọ́n ní kí Ìyá mú ìgò jáde. Ìyá kọ̀ jálẹ̀.

"Ẹ bu omi kànga wá. Mi ò ní fi hàntú dánrawò."

Wọ́n bu omi kànga. Ìyá dúró bí wọ́n ṣe máa ń dúró, wọ́n ta á bí wọ́n ṣe máa ń ta á, ètè wọn nìkan ni kò mì. Wọ́n fi ọ̀rá bo aṣọ náà kíá, résìn wọlé, wọ́n gbé e sínú oòrùn. Kí ìrun Alásárì tó wọlé, ó ti le. Kámẹ́rà kọjá lórí rẹ̀, pupa sì bo ojú kọ̀ǹpútà, ó pọ̀ ní apá kan, ó ń dín kù lọ. Ẹ̀ńjíníà gbé àwòrán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyẹ́ kejì, ó wò wọ́n títí.

"Ó ti yé mi," ó wí níkẹyìn.

Ìyá na ọrùn wọlé láti ẹnu ọ̀nà. "Ọwọ́ mi nìyẹn," wọ́n wí. N kò lè sọ bóyá ìtìjú ni àbí ìgbéraga díẹ̀.

Ó gba iṣẹ́ náà, ó sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ohun kan ló ní kí wọ́n ṣe: ẹni tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ nínú yàrá yẹn kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́.

"Ìyá ńkọ́?" ẹni tó ń po résìn bèèrè.

"Ìyá náà."

"Ó tọ́," Ìyá wí kí ẹnikẹ́ni tó bínú. "Bí mo bá ń dín másà, mi kì í fẹ́ kẹ́nikẹ́ni dúró ti iná mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn tán síbẹ̀ lójú tiwọn. Kò tán lójú àbúrò mi. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pe bíríkìlà, wọ́n la ògiri tó kọjú sí móòdù, wọ́n fi fèrèsé ńlá sí i, gíláàsì gbogbo rẹ̀, tí kò ṣeé ṣí. Ó gbé àga onítìmùtìmù síta níbẹ̀, lábẹ́ ìbòòji. Ibẹ̀ ni Ìyá ń jókòó báyìí bí wọ́n bá ti pín oúnjẹ tán, tẹ̀súbáà lọ́wọ́, ojú wọn kò kúrò lára aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ nínú ilé.

Mo yà síbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ìyẹ́ tuntun wà nínú móòdù, gbogbo wọn tẹ̀ ba lé e lórí. Mo kí Ìyá, wọ́n fi ọwọ́ dá mi dúró pé kí n jẹ́ kí wọ́n ka ibi tí wọ́n dé parí. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n ké sí ọmọbìnrin náà.

"Ìwọ ọmọ yìí! Jáde wá bá mi nu gíláàsì yìí, eruku ọyẹ́ ti bò ó. Mi ò rí ohun tí mò ń gbàdúrà sí."